Ẹ̀wà Ogún fún Ẹ̀dà Àkọ́kọ́

Inú mi ṣì ń ru títí di òní bí mo bá rántí agolo mílíìkì mẹ́sàn-án tí wọ́n tò sórí tábìlì ní ilé ìwòsàn wa ní Kabba. Kì í ṣe agolo ló ṣẹ̀ mí. Àwa tí a dúró yí i ká ló ṣẹ̀ mí, èmi gan-an sì wà nínú wọn. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ẹ̀wà ogún wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì ṣe ohun tí mi ò fẹ́ ṣe.

Nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yọ wá kúrò lára Kwara tí wọ́n sọ wá di ará Kogi. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti Ìlọrin dé ṣì ń wá ilé tí wọn yóò gbé. Ìwé tí a ti ń fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin láti ọdún gbọ́nhan ń yà sí Lokoja báyìí, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ibi tí ìwé kankan wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, obìnrin. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì ríṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń mú káàdì fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ìyá á gbé ọmọ dé, á fún mi ní káàdì pélébé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, màá wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, màá sì lọ fa fáìlì tó bá a mu yọ láàárín àwọn pákó tó kún ògiri mẹ́ta, kí nọ́ọ̀sì lè mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọmọ ti gbà àti èyí tó kù.

Bí káàdì bá ti sọnù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Fáìlì wa kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀.

Obìnrin kan wà tó ń ti Ayewa wá, lọ́hùn-ún lọ́nà Bùnù. Ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Òjò ti jò sínú àpótí aṣọ rẹ̀, káàdì ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti di bébà funfun. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí ọmọ náà máa gbà, ti eéyi. Ìyá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ṣùgbọ́n òfin ilé ìwòsàn ni pé a kì í gún ọmọ tí a kò rí fáìlì rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá, mo wá fáìlì náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọmọ tèmi ń ké lẹ́yìn mi, eruku ń wọ̀ mí nímú, mi ò rí i. Ó padà lọ. Ìgbà kejì, bákan náà. Nígbà tó ń so ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láti máa lọ, àánú ṣe mí, mo wí fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà bọ̀ wá síbí. Bó bá dé, orúkọ ọmọ yín nìkan lẹ máa pè fún mi.”

Ó bi mí pé, “Ṣé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ni?”

Ẹ̀ẹ̀rùn ni eéyi máa ń jà. Mo ní kí ó dé ni. Mo fi ẹnu mi sọ ọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà náà tẹ̀lé àwọn tó kó ti Ìlọrin wá. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà la ń pè é. Ó gba yàrá kan lẹ́bàá ọjà, òun àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó máa ń wúkọ́ ju kó ṣiṣẹ́ lọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: ó mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Ó bi wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ohun tí a fẹ́ kí ètò náà máa bá wa ṣe, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ohun mẹ́sàn-án. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí a lè fi orúkọ ìyá, orúkọ ọmọ àti ìlú wọn wá fáìlì. Ó ní èyí kò ní gbà ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lọ́wọ́ òun.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́, ni wọ́n fún un kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ètò náà tó jáde, nítorí pé àwọn ọ̀gá ní Lokoja ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá wò ó. Ẹ̀dà kejì á wá di ọdún tó ń bọ̀. Ohun mẹ́sàn-án kò sì lè wọ inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ tó ń ná Aiyetoro-Gbede. Ààyè inú ọkọ̀ kò ju báyìí lọ. Iṣu ń gba ààyè, ata kò gba ààyè, gàrí wà láàárín. Kí ni ká dì tí ọjà ọjọ́ náà á fi gbè wá jù lọ? Ó ní ọ̀nà tí ẹrù lè gbà dì pọ̀ ju ohun tí ojú èèyàn lè yẹ̀ wò tán lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí a tó jẹun ọ̀sán tán. Òun ti mọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Kí àwa ṣáà sọ bí a ṣe fẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó.

Ohun tó gbé ẹ̀wà wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó to agolo mẹ́sàn-án sórí tábìlì, ó lẹ bébà mọ́ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó dúró fún, ó ka ẹ̀wà ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ohun tí o bá fẹ́ jù, kí o ju ẹ̀wà púpọ̀ sí i. Ó bi Dókítà àgbà bí ẹ̀wà gbogbo wa ṣe wúwo tó. Dókítà rò ó díẹ̀, ó ní kí ọ̀kan tòun dúró fún márùn-ún, kí ti Mẹ́trọ̀n, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, dúró fún mẹ́ta, kí ti àwa tó kù dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá kò ní ẹ̀wà kankan. Kò sí ẹni tó rántí wọn. Èmi náà kò rántí.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣe àṣìṣe kan tí n kò lè bá a wí fún, nítorí ọmọ tó mọ̀wà hù ni. Ó ní, “Dókítà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa jù ú.”

Ta ló fẹ́ sọ pé kí àgbà má ṣaájú? Dókítà dìde. Ó ju ẹ̀wà méjìdínlógún sínú agolo tó dúró fún àwòrán ọ̀pá-ọ̀pá tó ń fi iye aláìsàn hàn, èyí tí kọ̀ǹpútà á máa yà sínú ìwé ìròyìn oṣooṣù tó ń lọ sí Lokoja, pẹ̀lú àmì ìjọba gàdàgbà lórí rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn nìkan á gba ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀wà ń ró gbangan-gbangan nísàlẹ̀ agolo, gbogbo wa sì ń ka iye rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Ní ìlú wa, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ pé bí àgbà bá ti fọwọ́ lé nǹkan, kó má ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. A bí i mọ́ wa ni. Mẹ́trọ̀n dìde, ó wo agolo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó ju mẹ́rìndínlógún tẹ̀lé ti Dókítà. Àwọn nọ́ọ̀sì ju tiwọn. Ẹni tó ń fún àwọn aláìsàn lóògùn jù ú. Ìyá tó ń gbálẹ̀ kò mọ̀wé kà. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ìyàwó, èwo ni ti Dókítà nínú wọn? Fọwọ́ mi lé e, kí n má lọ ṣìnà.”

Mo fọwọ́ rẹ̀ lé e.

Ó wá kan mí, èmi tí mo kéré jù. Ṣé ẹ rí ogún ẹ̀wà yẹn, láti ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti mọ̀ pé agolo ti orúkọ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Mo gbójú sókè, ojú èmi àti Mẹ́trọ̀n ṣe mẹ́rin.  Ọwọ́ mi ṣáà yà fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ bí ẹ̀wà mi ṣe ń bọ́ lé ti Dókítà lórí.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà kó iye rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó kó èsì jáde: àwòrán ọ̀pá-ọ̀pá, àmì ìjọba, àti orúkọ ilé ìwòsàn wa tí yóò máa sáré lójú ẹ̀rọ bí a bá ti tàn án. Fífi orúkọ wá fáìlì di ti ẹ̀dà kejì. Dókítà pàtẹ́wọ́, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo délé tí mo tú ọmọ mi sílẹ̀, nǹkan kan ró tàkà-tàkà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà mẹ́ta ni. Mo ti mú wọn dání, mi ò jù wọ́n síhìn-ín, mi ò jù wọ́n sọ́hùn-ún, mo ti fi wọ́n sínú ìró mi láìmọ̀. Ọmọ mi nawọ́ sí ọ̀kan, ó fẹ́ kì í bọ ẹnu. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ etí ìró, inú sì bí mi sí ara mi débi pé mi ò lè jẹun.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹ̀gbọ́n ará Ayewa fi dé ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó kí mi ní ìkíni ilẹ̀ wa, “Okun o, àbúrò.” Ó bi mí bóyá ohun tí mo sọ ti dé. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó wo orí tábìlì lẹ́yìn mi, níbi tí kọ̀ǹpútà jókòó sí lábẹ́ aṣọ léèsì bí ìyàwó tuntun, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Kí wá ni ìyẹn?”

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ fún un pé ẹ̀rọ ti dé, pé ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa gbà, pé wọ́n fún mi ní ẹ̀wà kí n fi gbèjà rẹ̀, mo sì fi yàwòrán? Mo ní kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì. Ó so ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.

Mi ò jẹun ọ̀sán. Mo gba yàrá Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà lọ, oórùn epo jẹnẹrétọ̀ lu ọmọ mi, ó ń sín. Mo ní kó yọ àwòrán kúrò kó fi orúkọ sí i. Ó fi sùúrù rẹ̀ tó máa ń bí mi nínú ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ti dán gbogbo ọ̀nà wò, pé kò sí àkójọ mìíràn tó lè tẹ́ wa lọ́rùn tó èyí.

Mo ní, “Ka ẹnì kan ṣoṣo tó tẹ́ lọ́rùn fún mi.”

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ju ẹ̀wà. Ẹ̀rọ kì í parọ́.”

“Ẹ̀rọ kò parọ́. Àwa la parọ́ fún un.”

Ó ṣí ìwé tó kọ ohun mẹ́sàn-án sí. Mo rí i pé ó ń rò ó. Ó ní òun kò ṣáà lè tú ohun tí Dókítà ti fọwọ́ sí, ó sì kù díẹ̀ kí òun bẹ̀rẹ̀ àwòrán náà. Bí Dókítà bá ní kí a tún un jù, òun á tún agolo tò.

Ọ̀dọ̀ Mẹ́trọ̀n ló kàn. Obìnrin gíga ni, ọmọ Kabba pọ́ńbélé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ lè bó iṣu láìlo ọ̀bẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní, “Ṣé kì í ṣe ìwọ yìí náà lo ju tìrẹ síbẹ̀? Mo rí ọ. O tilẹ̀ darí ìyá agbálẹ̀, bí ajá ọdẹ.”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni mo wò, mà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa ń bú wa lójoojúmọ́ nítorí fáìlì tí a kò rí.”

Mo rò pé yóò lé mi jáde. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní agolo ti orúkọ lòun dìde fún lọ́jọ́ náà. “Àmọ́ Dókítà ti ju tirẹ̀. Ṣé kí n wá ta kò ó níwájú àwọn ọmọ kéékèèké?” Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kọjá sí yàrá Dókítà. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń fún ọmọ mi lọ́yàn, mo ń gbọ́ ohùn wọn láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ló fẹ́ pa á, ẹ̀rín tó ní ìbínú nínú. Dókítà kò fẹ́ àwòrán. Ohun tó sọ ni pé Mẹ́trọ̀n ló máa ń kùn pé ìwé ìròyìn Lokoja ń yọ òun lẹ́nu, Dókítà sì rò pé òun ń fi ẹ̀wà òun bọlá fún un ni.

Ẹ gbọ́ o. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún iṣẹ́, fún ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́. Ẹnì kan ń bọlá fún ẹnì kan, ẹni yẹn ń bọlá fún ẹlòmíràn, ọmọ ará Ayewa sì ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbàgbé ara mi, mo sọ fún Mẹ́trọ̀n bí àwọn ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nínú àáró wọn ní Ìjùmú. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ oko ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ ro, ìyàwó tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyá tó dàgbà jù á sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, oko àgbà nìkan ni wọ́n máa ro títí òjò á fi dá, ewúrẹ́ á sì jẹ oko àwọn ìyàwó.

Mẹ́trọ̀n yí padà sí ẹnu ọ̀nà Dókítà. Ó ní, “Àwọn ará Ìjùmú yín ní ọgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún agolo tò. Lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà dé agolo lórí, ó lu ihò kékeré sí ìdérí rẹ̀, kó má sẹ́ni tó máa rí iye tí ẹnì kejì jù. Èmi tí mo kéré jù ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ju ogún. Ìyá agbálẹ̀ bi mí èwo ni tèmi, mo ní mi ò ní sọ, kó sọ ohun tí òun fẹ́ fún mi. Ó ní kí àwọn aláìsàn yé jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tóun ń fọ̀. Mo ka bébà ara agolo fún un, ó yan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà ló jù ú kẹ́yìn. Ẹ̀rọ yẹ ẹ̀wà wò, fífi orúkọ wá fáìlì ló ṣaájú. Kódà ó ku ààyè tí wọ́n fi ohun mẹ́ta kéékèèké sí. Ti àwòrán ọ̀pá-ọ̀pá, ẹ̀wà méjì péré ló wà nínú agolo rẹ̀, títí di òní a kò mọ ẹni tó jù wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì pé tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orúkọ inú gbogbo fáìlì sínú ẹ̀rọ. Ìka mi wú. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde kí ọyẹ́ tó dé, mo sì ránṣẹ́ sí Ayewa.

Ẹ̀gbọ́n dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, mo ròyìn agolo àti ẹ̀wà ogún-ogún wa fún un. Mo ní kó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó pè é, ó fi oríkì díẹ̀ kún un, mo ní orúkọ nìkan ti tó. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yọ: orúkọ ọmọ, orúkọ ìyá, Ayewa, nọ́ńbà fáìlì, abẹ́rẹ́ tó ti gbà, eéyi nìkan ló kù. Mo fa fáìlì jáde kí ọmọ mi tó ké lẹ́ẹ̀kan. Ìyá náà fi ọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ níbi tí orúkọ ọmọ rẹ̀ wà. Omi bọ́ lójú mi, mi ò jẹ́ kó rí i.

Mo gbé fáìlì wọ yàrá abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì mi orí. Abẹ́rẹ́ eéyi ti tán láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Lokoja lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo jáde, mo sọ fún un. Kò ké. Ó ní, “Ẹ̀rọ yín mọ orúkọ ọmọ mi, kò sì mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò sí kí n tó kúrò nílé. Nínú gbogbo agolo tẹ́ ẹ sọ yẹn, èwo ni ti kí wọ́n sọ fún wa ká tó gbéra?”

Kò sí. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí i. Gbogbo ìgbà tí mo ń ja ìjà rẹ̀, mi ò bi í rí. Èmi tí mo ń bú Dókítà pé ó rò pé òun mọ ohun tí Mẹ́trọ̀n fẹ́ láìbéèrè, kí ni mo ti ṣe? Ohun tó béèrè yìí kò tilẹ̀ ní gba Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ kan: kí ẹnì kan rìn dé ibùdó ọkọ̀ kó sọ fún awakọ̀ Ayewa bóyá abẹ́rẹ́ wà tàbí kò sí.

Mo dìde, mo bá a lọ sí ibùdó ọkọ̀ fúnra mi, ọmọ mi lẹ́yìn mi, ọmọ tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bá awakọ̀ náà sọ̀rọ̀, ó sì gbà láti máa yà sọ́dọ̀ mi kó tó gbéra. Ọ̀nà yẹn ni ọmọ náà fi gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó eéyi lọ́nà Bùnù.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kó tó wọkọ̀, mo tú etí ìró mi. Mo kó ẹ̀wà mẹ́ta tí mo ti so láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní tirẹ̀ ni, kó tọ́jú wọn di ọjọ́ tí wọ́n bá tún ń to agolo, kó sì wá jù wọ́n fúnra rẹ̀. Ó wò wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Àbúrò, mẹ́ta péré?”